Ara Mi Ò Yá, Mo Rìn Bẹ́ẹ̀

Léèsì oníbàárà ni mo gé bàjẹ́ kí n tó gbà pé nǹkan ń ṣe mí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Àkúrẹ́. Tí ẹ bá di ojú mi, màá gé bùbá, yóò sì bára mu. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní 2021, mo tẹ́ léèsì aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo wá ń gé ibi tí n ò fa ìlà sí. Ọmọ-iṣẹ́ mi tó dúró tì mí kígbe, "Àǹtí!" Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ò dúró. Mo ti gé e wọ àárín àyà aṣọ kí n tó sọ sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo léèsì náà bí ẹni ń wo ẹrù onẹ́rù. N ò sunkún, inú ò bí mi, n ò tilẹ̀ ro iye tí n ó san. Òun ló bà mí lẹ́rù. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà fa wàhálà nítorí ọgọ́rùn-ún náírà, mo ba aṣọ olówó ńlá jẹ́, kò sì dùn mí.

Ìyá mi ti kú l'Óǹdó ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà. Èmi ni àkọ́bí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sin àgbà lọ́dọ̀ wa á mọ ohun tí mo ń sọ: màlúù, aṣọ ẹbí, onílù, kánópì, ọtí, ẹran tí wọ́n ń pín fún ẹbí lọ́tùn-ún lósì. Mo gba àjọ mi ṣáájú àkókò, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo tún jẹ àwọn tó ń ta aṣọ lówó. Ìsìnkú náà lárinrin. Gbogbo ènìyàn kí mi pé mo ṣe bẹbẹ. Ìgbà tí àlejò lọ tán, tí àwọn oníkánópì tú irin wọn kó sínú ọkọ̀, ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lára mi díẹ̀díẹ̀.

Oúnjẹ kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, orin. Mo máa ń kọrin tí mo bá ń tẹ máṣíìnì, n ò mọ ọjọ́ tí mo dákẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ mi ló sọ fún mi nígbà tó yá pé ṣọ́ọ̀bù ti pa lọ́lọ́ tipẹ́. Oorun ló wá burú jù. Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí, bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àyà mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á tutù, orí mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè: ti ẹgbẹ́ mélòó, ti aṣọ mélòó, ta ni mo ní kó wá gba iró lọ́jọ́ Sátidé tí n ò tíì gé. Ó máa ń dá mi lójú pé ikú ló dé. Màá máa gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ní tí mo bá kú báyìí, baba yìí ò ní mọ̀ títí yóò fi lọ wá omi ìwẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn gbà mí nímọ̀ràn oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ayé ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nínú ẹbí ní kí n lọ sun òkè àdúrà, mo sì lọ. N ò ní purọ́, ara máa ń tù mí lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá lọ. A máa ń jó níbẹ̀, a máa ń pàtẹ́wọ́, a máa ń fò sókè títí òógùn á fi bò wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé fífò yẹn náà wà lára ohun tó ń tù mí. Mo gbà pé Ọlọ́run gbọ́, mo sì gbà pé ẹsẹ̀ mi ṣiṣẹ́. N ò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ léèsì ni ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó dá mi lóhùn kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ó ń pè mí ní "mà." Kò fi nǹkan kan yẹ̀ mí wò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn ń bi mí ní ìbéèrè ni. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì dá lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: ọjọ́ mélòó ni nǹkan tí ẹ fẹ́ràn ò dùn mọ́ yín mọ́? Ọjọ́ mélòó ni ẹ ò rí oorun sùn? Ṣé ó ń rẹ̀ yín? Ṣé ẹ máa ń rò pé ẹ ti já ara yín kulẹ̀? Ìkẹyìn ni bóyá mo ti rò ó rí pé ó sàn kí n kú. Mo wo ilẹ̀. Ó dúró dè mí, kò kán mi lójú. Mo sọ òótọ́ fún un.

Ìsoríkọ́ ló pè é. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lórí rédíò rí, àmọ́ mo rò pé ẹni tó bá soríkọ́ á máa sunkún ṣáá ni, kò ní lè dìde lórí ibùsùn. Èmi ń dìde lójoojúmọ́. Mo ń dáná, mo ń ránṣọ, mo ń bá ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ń gbé e kiri. Ó fún mi ní oògùn, ẹyọ kan lóòjọ́, ó ní kí n má retí pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́la, yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó wá fi kún un pé kí n máa rìn, ìdajì wákàtí lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, 150 ìṣẹ́jú ni. Iye yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n ní ẹni tó bá lè ṣe é dé 300, kó ṣe é.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń kọrin tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní tẹ́lẹ̀ o.

"Nígbà tí ẹ ń kọrin yẹn, ṣé èémí ń gé yín?"

Kò gé mi. Ó ní ohun tó ń wò nìyẹn. Ìrìn tó ń wí ni èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ tí kò ní lè kọrin. Tó bá lè kọrin, kó yára sí i. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó rọra. N ò nílò aago, n ò nílò nǹkan kan. Títí dòní, n ò tíì rí òṣùwọ̀n tó rọrùn tó ìyẹn.

Àmọ́ n ò rìn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo ń lo oògùn, n ò rìn. Bí mo bá jí, màá jókòó sétí ibùsùn, màá ní kí ara mi kọ́kọ́ yá ná. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lẹ́nu wa: ara mi ò yá, ìyẹn ni pé àìsàn ń ṣe mí, ara rẹ̀ yá, ìyẹn ni pé ó múra tán, ó ń dùn ún, ara yá gágá. Gbogbo rẹ̀ ló fi yé mi pé ara yíyá ló ń ṣáájú, kí ènìyàn tó jáde. Mo wá ń dúró dè é bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdó tí ọkọ̀ ò gbà kọjá mọ́. Ìdárayá tí a ń pe eré yìí, ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ni pé òun ló ń dá ara yá. N ò ronú kàn án.

Màmá Ẹlẹ́kọ ló yọ mí. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Òkè-Ìjẹ̀bú, yàrá wọn ló kángun sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n, wọ́n ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń ru ẹ̀kọ lọ sí Ọjà Ọba ní kùtùkùtù. N ò sọ ohun tó ń ṣe mí fún wọn. Bóyá wọ́n gbọ́ ni, bóyá wọ́n kàn wò mí lójú ni. Ní òwúrọ̀ kan, aago mẹ́fà ò tíì lù, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi.

"Ìyàwó, orúnkún ń ro mí. Wá bá mi gbé agbọ̀n yìí dé ọjà."

Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ara mi ò yá, mà."

"Mi ò bi ọ́. Agbọ̀n ni mo ní kí o gbé."

Ta ni yóò kọ̀ fún ìyá àgbà? Mo dè gèlè, mo gbé agbọ̀n, mo tẹ̀ lé wọn. N ò rí orúnkún tó ń ro wọ́n. Wọ́n ń rìn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó lọ́jà. Wọ́n tún ń kọrin ìyìn lójú ọ̀nà, èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kéré sí wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Mo rántí ọ̀rọ̀ dókítà, ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, torí mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ bí iṣẹ́ ìyanu: mo rìn, ayọ̀ dé, ẹyẹ ń kọrin. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo padà sílé, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo jókòó sídìí máṣíìnì, inú mi ṣókùnkùn bó ṣe wà. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, kẹrin. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì ni mo jí, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, mo dúró, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń pe ìrun láago mẹ́ta? Aago márùn-ún ti kọjá ni. Mo ti sun aago mẹ́ta kọjá. Oorun ló kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ mi, ayọ̀ ò tíì débẹ̀ rárá. Dókítà sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé oògùn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lásìkò yẹn, ìrìn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó ń wọ ojú mi náà sì ń sọ fún ọpọlọ mi ìgbà tí alẹ́ yẹ kó lẹ́. Ó dárúkọ endorphin àti àwọn nǹkan míì tí ara máa ń tú jáde téèyàn bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ó sì ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èwo gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Mo fẹ́ràn pé kò ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀.

Lílọ sí ọjà rọrùn, bíbọ̀ ló le, torí òkè la ń gùn bọ̀. Lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ tètè dé ilé nítorí oníbàárà kan, mo wá ń sáré gun ún. Bí mo ṣe dé ìdajì, àyà mi bẹ̀rẹ̀. Kìkìkì. Irú ti aago mẹ́ta òru gẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi tutù, ojú mi ń ṣú, èrò kan sì dé wẹ́rẹ́: ó ti dé, ó ti tẹ̀ lé mi jáde sí ìta gbangba. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹnìkan. Mo fi ọwọ́ di àyà mú.

Màmá dúró lé mi lórí. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Àyà mi ni, mà. Ó ń lù."

Wọn ò bá mi káàánú. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé àyà tiwọn, lórí bùbá àǹkárá wọn tó ti ṣá. Ó ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi bí ìlù gángan. Ó yára ju tèmi lọ gan-an.

Wọ́n ní, "Àyà tó gun òkè, kí lo fẹ́ kó ṣe? Kó sùn?"

Mo fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. N ò mọ ìdí tí n ò fi gbé e kúrò. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀, ọlọ́kadà ń kọjá, ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Díẹ̀díẹ̀, mo gbọ́ tí àyà wọn ń rọlẹ̀. Ó lọ láti kìkìkì, ó di kì, kì, kì. Mo gbọ́ tèmi náà tó ń tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó gbàdúrà sí i, kò sí ẹni tó fún un ní oògùn. Ó gòkè nítorí òkè, ó sọ̀ nítorí pé a jókòó.

Lóru ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà, mo tún jí láago mẹ́ta. Àyà ti bẹ̀rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e, mo sọ fún un pé òkè lò ń gùn, lọ, gùn ún dé orí. Mo dúró. Ó lù, ó lù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ bó ṣe sọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Mo sùn kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohun kan náà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá sáré ló ń tú sínú rẹ̀ téèyàn bá ń bẹ̀rù: adrenaline. Àyà ò mọ̀ bóyá òkè ni àbí ẹjọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ kì í lù àyàfi ìgbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, gbogbo ìgbà tó bá lù ni yóò máa rò pé ewu ti dé. Èmi ọ̀hún ti jókòó sídìí máṣíìnì fún ogún ọdún; n ò rántí ìgbà ìkẹyìn tí àyà mi lù nítorí nǹkan rere.

Bí òkìkí ìrìn wa ṣe kàn ládùúgbò, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ọlọ́kadà kan wà tó máa ń dúró tì mí lójoojúmọ́ pé, "Màmá, ẹ gùn ún, mi ò ní gbowó." Ó gbà pé ìṣẹ́ ló ń mú mi fẹsẹ̀ rìn. Aládùúgbò kan bi mí bóyá ọkọ mi ti tà mọ́tò. Nígbà ọyẹ́, ètè mi bó, mo wé ìbòrí kan bí ẹni ń lọ sí Sàhárà, ajá kan sì lé mi dé ẹnu géètì ilé onílé. Ìyẹn ni eré tí mo sá jù láyé mi.

Mo gbìyànjú láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì já mi kulẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì FUTA fi nǹkan tó ń ka ìṣísẹ̀ sórí fóònù mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru tí mò ń ro ìṣísẹ̀ tó kù. Gbèsè míì ni mo tún jẹ yìí o! Mo ní kó yọ ọ́ kúrò. Mo tún tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sáré ní pápá ìṣeré lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó. Èyí tó wá mọ́ mi lára yàtọ̀ sí ìrìn ni okùn fífò. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n so okùn tí wọ́n fi di ìdì aṣọ pọ̀, wọ́n ń fò ó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú láti bá wọn wí, mo bá wọn fò ó.

Ọmọ mi yẹn kan náà ló ka ìwádìí kan fún mi. Ní 1999, James Blumenthal àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Duke University ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 156 jọ, àwọn ẹni 50 ọdún sókè tí ìsoríkọ́ ń bá jà. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn kan ń lo oògùn sertraline, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, ara àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń yá bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn olóògùn ló kọ́kọ́ tètè hàn. Wọ́n tún padà lọ wò wọ́n nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: nínú àwọn tí ara wọn ti yá, àìsàn náà ò padà sára àwọn eléré ìdárayá tó bó ṣe padà sára àwọn olóògùn. Inú ọmọ mi dùn, ó ní, "Màmi, ẹ ò rí i?" Èmi rí nǹkan míì níbẹ̀. Mo bi í bóyá olúkúlùkù ló ń dá ṣe eré yẹn nílé rẹ̀. Ó wò ó, ó ní rárá, wọ́n ń kó wọn jọ ni, ẹnìkan sì ń darí wọn. Mo ní ẹ̀n-ẹ̀n. Àwọn náà ní Màmá Ẹlẹ́kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ nípa Aró l'Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé, ìbátan wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, n ò ro ó kan ara mi rí.

Ìwádìí yẹn náà ló kó mi sí wàhálà, àbí kí n sọ pé etí tí mo fi gbọ́ ọ. Mo mú ibi tó dùn mọ́ mi, mo fi ìyókù sílẹ̀. Mo ní ṣebí ìrìn ló ń wò mí, kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún? Mo dá a dúró lójijì, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òòyì ń kọ́ mi, ó ń dà bíi pé iná mànàmáná ń ta mí nínú orí, inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, aago mẹ́ta òru ti padà dé. Mo sì ń rìn o! Lójoojúmọ́ ni mo ń rìn. Dókítà ò jágbe mọ́ mi nígbà tí mo padà lọ, ó kàn ní kí n má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ìgbà ń bọ̀ tí a ó jọ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà dé lóòótọ́, àmọ́ òun ló dá a, kì í ṣe èmi. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọ̀rọ̀ mi yìí sọ fún ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ pé kó da oògùn nù kó lọ máa sáré, kì í ṣe èmi ló rán an níṣẹ́.

Nígbà tí ikú ìyá mi ti lé ní ọdún kan, Màmá Ẹlẹ́kọ ní ká lọ sí ìlú wọn. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí wọn là ń lọ. Ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè ni a bọ́ sí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí i lọ́nà, torí kò sí ẹni tí kò ní sinmi. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láyé àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ìyá ìyá Màmá sí. Màmá ń sọ ọ́ bí a ṣe ń gùn ún: bí wọ́n ṣe ń ru omi, bí wọ́n ṣe ń ru iṣu, bí aboyún ṣe ń gun ibi tí èmi ń gùn tí mo ń di irin mú yìí. Níbi ìsinmi kejì, wọn ò kọrin mọ́. Mo wò wọ́n, wọ́n wò mí, a bú sẹ́rìn-ín.

Lókè, ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà, ilé kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí àpáta. Mo jókòó sórí òkúta kan. Àyà mi ń lù kìkìkì, mo jẹ́ kó máa lù. Bó ṣe ń rọlẹ̀ ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. N ò tíì sunkún ìyá mi rí. Níbi ìsìnkú, mo ń ka abọ́, mo ń wá ẹni tó kó ọtí pamọ́. Ojú mi gbẹ. Lórí àpáta yẹn, mo sunkún bí ọmọdé, imú mi ń ṣàn, mo ń pe ìyá mi lórúkọ àlàjẹ́ wọn. Màmá Ẹlẹ́kọ jókòó díẹ̀ sí mi, wọ́n ń bó ọsàn. Wọn ò ní kí n má sunkún. Ìgbà tí mo ṣe tán, wọ́n na ìlàjì ọsàn sí mi.

Mo san owó léèsì náà tán lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Oníbàárà ò gba aṣọ tí mo bàjẹ́, ó ní kí n dà á nù. N ò dà á nù. Mo gé ibi tó ṣì dára nínú rẹ̀, mo fi rán àpò kékeré kan tó ṣe é so mọ́ ìbàdí, inú rẹ̀ ni mo ń kó kọ́kọ́rọ́ àti owó ọsàn sí tí mo bá ń jáde láàárọ̀.

Lóṣù tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù, ọkàn mi sì wúwo láìnídìí. Ó ṣì máa ń ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó!"

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò yá lónìí."

"Mi ò bi ọ́."

Mo na ọwọ́ sókè ìṣó tí àpò léèsì wà, mo ń wá bàtà.